Ìgbá mi yọ òdòdó títí, kò so, méjì sì tún ń rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n gbìn, ẹ gbà mí

Ìyálọ́gbà_Mọ́kọ́lá · Ìbàdàn · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù keje

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ìgbá ló gbé mi wá.

Ìdí ìgbá mẹ́wàá ni mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́kọ́lá. Ìgbá funfun ni, èyí tí a máa ń fi jẹ ẹ̀pà. Ìyá kan tó ń tà á ní Bódìjà ló fún mi ní ọ̀kan tó ti pọ́n di yẹ́lò. Mo fọ hóró inú rẹ̀, mo sá a síbi òjìji, mo sì fọ́n ọn sínú abọ́ ní ìparí oṣù kẹta. Ọjọ́ kẹsàn-án ló yọjú. Nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ewé márùn-ún ni mo ṣí wọn lọ sílẹ̀, oṣù karùn-ún ti wọlé nígbà náà.

Ẹ ò bá rí i bí wọ́n ṣe dàgbà! Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n dé ìbàdí mi, òdòdó sì bò wọ́n. Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òdòdó tó bá là lónìí, tó bá fi di ọ̀túnla, ilẹ̀ ni mo ti ń ṣà á. Èso kan ṣoṣo kò tíì dúró.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé méjì ń rọ. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo ewé rẹ̀ á wálẹ̀ bí aṣọ tó rin, tó bá di alẹ́ á tún gbéra. Láti àná kò gbéra mọ́, bẹ́ẹ̀ ewé náà ṣì tutù, kò pọ́n rárá. Ìkejì, orí ẹ̀ka méjì péré ló rọ, ìyókù dúró ṣánṣán.

Mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ti da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì ti fín oògùn kòkòrò tí ọmọkùnrin kan tà fún mi nínú ìgò tí kò ní orúkọ lára. Kò sí ìyàtọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n fa gbogbo rẹ̀ tu, kí n gbin ewédú. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dára?

Alágbà_Oko · Abẹ́òkúta

Màmá, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì fa gbogbo rẹ̀ tu. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wọ oko olóko kiri láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ìṣòro mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ kà á sí ẹyọ kan. Òdòdó tó ń já yàtọ̀. Èyí tó rọ látòkè délẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí orí ẹ̀ka rẹ̀ nìkan rọ tún yàtọ̀. Oògùn inú ìgò tí kò lórúkọ kò lè mọ èwo ni kó wò.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn: kí lẹ gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Ṣé ìgbẹ́ adìyẹ yẹn ti jẹrà, àbí bẹ́ ẹ ṣe kó o lábẹ́ àgò lẹ dà á síbẹ̀?

Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi ṣe ohun méjì yìí lónìí.

Ẹ gé igi èyí tí kò gbéra mọ́, ní nǹkan bí ìka mẹ́rin sókè ilẹ̀. Ẹ bu omi tó mọ́ gaara sínú ife gíláàsì, kẹ́ ẹ fi igi náà kọ́ sínú rẹ̀ kí ojú ibi tẹ́ ẹ gé kan omi. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ máa wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ àrùn bakitéríà tí mo ń fura sí ni, ẹ ó rí nǹkan funfun tó ń ṣàn jáde lẹ́nu igi náà lọ sísàlẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Tí kò bá sí nǹkan, ẹ sọ fún mi.

Èyí tó rọ lórí ẹ̀ka, ẹ wá ihò kékeré lára ọ̀mùnú rẹ̀, ihò tó tó orí abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ọ̀bẹ là á.

Ọmọ_Kétu · Kétu, Benin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ìyá mi kì í ra oògùn fún ìgbá. Eérú ni tirẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ìrì tó gbẹ, á jọ eérú ìdáná, á bù ú wọ́n ewé. Àwọn kòkòrò dúdú tíńtìntín tó ń fò bí eégbọn, àwọn tó máa ń lu ewé jó bí asẹ́, wọn kì í dúró níbẹ̀ mọ́. Ewé rẹ̀ gan-an la ń jẹ jù, gbọma làwọn Fọ̀n ń pè é. Màmá, ẹ gbìyànjú eérú, rírọ náà á lọ.

Alágbà_Oko · Abẹ́òkúta

Ọmọ_Kétu, kú iṣẹ́, bá mi kí ìyá rẹ dáadáa. Òótọ́ ni wọ́n ń ṣe, eérú ń lé kòkòrò tó ń lu ewé yẹn lọ, pàápàá nígbà tí igi ṣì kéré tí ewé rẹ̀ kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí òjò kan bá rọ̀, ó ti fọ̀ ọ́ dànù. Kí a má sì máa dà á sí ìdí igi léraléra, nítorí ìgbá fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, eérú a sì máa pa ìkan inú ilẹ̀. Ní ti rírọ, bí ohun tó ń pa igi bá wà nínú igi fúnra rẹ̀, eérú orí ewé kò lè débẹ̀.

O tún rán mi létí nǹkan kan tó yẹ ká là sí wẹ́wẹ́, torí àwọn èèyàn máa ń ka ìmọ̀ràn fún irú kan, wọ́n á lọ fi ṣe òmíràn. Oríṣi mẹ́ta la ń pè ní ìgbá tàbí ìkàn. Gbọma tiyín, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí èso rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ewé bò ó nídìí, Solanum macrocarpon ni. Ìgbá funfun àti èyí aláwọ̀ ewé tí ń ní ìlà lára, èyí tí Màmá gbìn, Solanum aethiopicum ni. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀. Èyí gbọ̀ọ̀rọ̀ tàbí ńlá tó dúdú bí aró, tí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà, Solanum melongena ni, láti Éṣíà ló ti wá. Ìtọ́jú wọn jọra, ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú tòmátì àti ata àti tábà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdílé yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

ÌyáÌbejì_Peckham · London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Màmá Mọ́kọ́lá, ọ̀rọ̀ òdòdó yín yìí ló gbé mi wọlé, torí odidi ọdún méjì ni mo fi ń ṣà á nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú òdòdó kan tó là láàárọ̀ yìí, kẹ́ ẹ wò ó súnmọ́. Àwọn ọ̀pá yẹ́lò kéékèèké wà láàárín rẹ̀ tó fara ti ara wọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Inú wọn ni lẹ́búlẹ́bú tó ń mú èso dúró wà. Àmọ́ wọn kì í là bí ti àwọn òdòdó mìíràn, ihò kékeré kan ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ihò orí ìgò iyọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá gbọ̀n ọ́n, kì í dà. Nínú oko, afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ọ́n, àwọn oyin ńlá dúdú tó ń lu ihò sínú igi òrùlé náà máa ń dì mọ́ ọn, wọ́n á kùn kíkankíkan títí lẹ́búlẹ́bú á fi dà sí wọn láyà. Oyin tó ń ṣe oyin tí à ń lá kò mọ irú kíkùn yẹn.

Inú ilé gíláàsì ni tèmi wà, afẹ́fẹ́ kò wọlé, oyin kò wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ń lo bátìrì ni mo máa ń tàn, tí mo ń fi kan ẹ̀yìn òdòdó fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí ara òdòdó ti gbẹ. Ẹ óò rí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò bó ṣe ń dà bí àtíkè. Tí kò bá sí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ìka ta ọrùn òdòdó náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Màmá, ṣé ìgbà tí òdòdó là lẹ fín oògùn yẹn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti lé àwọn oyin yẹn lọ.

Adé_Houston · Texas

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún ti òdòdó. Ooru náà wà níbẹ̀. Níhìn-ín, tí ọ̀sán bá ti kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, òdòdó á máa já ni ṣáá, kò sí ohun téèyàn lè ta ní ìka. Oṣù kẹta ni mo máa ń gbé tèmi síta, mo ń ká èso títí dé oṣù kẹfà. Tí ooru oṣù keje bá dé, mo ń gé igi náà kù sí ìdajì, mo bu ajílẹ̀ sí i, mo bo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú koríko gbígbẹ. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, ó ti rú ẹ̀ka tuntun, a tún ń ká títí òtútù á fi pa á. Igi kan náà ni o. Àwọn ará ibí máa ń fà á tu lóṣù keje, ó máa ń dùn mí.

Àmọ́ Ìbàdàn kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú òjò. Màmá, èmi ń wo ìgbẹ́ adìyẹ yẹn.

Ìyálọ́gbà_Mọ́kọ́lá · Ìbàdàn · ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà

Bàbá, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Mo gé e. Mo fi ife gíláàsì tí mo fi ń mu tíì ṣe é, mo gbé e sójú fèrèsé. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí. Mo ti fẹ́ yí padà ni ọmọ mi obìnrin ní, "Mọ́mì, ó ń jáde." Mo tẹ̀ ba. Òwú funfun kan ló ń ti ẹnu igi náà wálẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọra ń gùn, kò já. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ife ó tú ká bí ìgbà téèyàn bá kán omi ògì sínú omi. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo omi náà ti rú. Omi tí mo rọ́ lọ́wọ́ ara mi, tó mọ́ gaara!

Ìkejì wá yà mí lẹ́nu. Mo rí ihò náà, ìgbẹ́ kòkòrò bí iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Mo là á, ìdin kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí kò gùn ju èékánná ìka kékeré mi lọ, wà nínú rẹ̀, ó ti jẹ àárín ọ̀mùnú náà di òfìfo bí páìpù. Mo fi òun náà sínú omi, kò sí òwú kankan.

Ìdáhùn yín: tòmátì ni mo gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó rọ lójijì bákan náà, mo sì rò pé ọ̀dá ni. Ìgbẹ́ adìyẹ náà, Bàbá, tútù ni. Ẹnìkejì mi ló ń sin adìyẹ, bí mo ṣe ń kó o ni mo ń dà á. ÌyáÌbejì, bẹ́ẹ̀ ni o, àárọ̀ ni mo fín oògùn, òdòdó là sílẹ̀ rẹ́rẹ́.

Alágbà_Oko · Abẹ́òkúta

Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó tú òwú sínú omi, àrùn rírọ ti bakitéríà ni, Ralstonia solanacearum ni orúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ojú ọgbẹ́ ara gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, irú ọgbẹ́ tí ọkọ́ tàbí aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ń dá sí i. Tó bá dé inú igi, á pọ̀ sí i títí á fi dí àwọn ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ nígbà tí omi kún ilẹ̀, tí kò sì pọ́n: òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ nínú omi. Kò sí oògùn tí à ń fín tó ń wò ó. Tòmátì yín ọdún tó kọjá, mo gbà pé òun náà ló pa á, ìdílé kan náà ni wọ́n, ẹ sì tún gbé ọmọ ìdílé náà padà sórí ilẹ̀ tó ti ṣàìsàn.

Ẹ hú u ní ọ̀la tòun ti gbòǹgbò, ẹ bu ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ má gbọ̀n ọ́n dànù lójú ọ̀nà. Ẹ sun igi náà. Kó má ṣe dé ibi tẹ́ ẹ ń jọ ìdọ̀tí jẹrà sí. Ẹ fọ ọkọ́ àti ọ̀bẹ pẹ̀lú ọṣẹ, lẹ́yìn náà ẹ fi omi jíìkì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun pa á lára. Omi inú ife yẹn, ẹ dà á sí ṣálángá, kó má kan ọgbà. Èèyàn kò lè tara rẹ̀ ṣàìsàn o, igi nìkan ló ń bá jà.

Ilẹ̀ yẹn, ẹ má gbin tòmátì, ata, ìgbá tàbí ọ̀dùnkún òyìnbó síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àgbàdo ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, àgbàdo kò sí nínú ìdílé wọn. Àrùn yìí le láti lé kúrò nílẹ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ní Éṣíà, wọ́n máa ń lọ́ ìgbá mọ́ orí gbòǹgbò ìgbá igbó kan, Solanum torvum, tó ń so wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, torí gbòǹgbò òun kì í tètè gba àrùn náà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ sùúrù ni, àmọ́ ó ṣeé kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn, NIHORT wà nítòsí yín ní Ìdí-Ìṣin, láti ọdún 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́. Ẹ lọ bá wọn, ẹ béèrè irúgbìn àti ìmọ̀ràn.

Ti ìdin: ẹ gé gbogbo ọ̀mùnú tó bá rọ, ní ìka méjì sísàlẹ̀ ihò, kẹ́ ẹ pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ máa ṣe é ní gbogbo ọjọ́ kẹta. Labalábá alẹ́ kékeré ló ń yé e síbẹ̀, tí ìdin bá sì ti wọ inú, oògùn tẹ́ ẹ fín sórí ewé kò kàn án lára. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó dàgbà, inú èso ni ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ níwájú.

Ti òdòdó: ìgbẹ́ tútù ń fún ewé lóúnjẹ ju òdòdó lọ. Igi tí ara tù jù, ewé ló ń ṣe. Ẹ dáwọ́ ìgbẹ́ dúró pátápátá. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ omi ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ dúró. Oṣù keje ni a wà, òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn! Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ilẹ̀ tó ń rin gbingbin nínú ooru ni bakitéríà yẹn fẹ́ràn jù, omi tó ń ṣàn láti ìdí kan dé ìdí kejì ló sì ń gbé e kiri.

Ìgò oògùn yẹn, ẹ má fín in mọ́. Ohun téèyàn kò mọ orúkọ rẹ̀, kò lè mọ iye ọjọ́ tó yẹ kó dúró kó tó jẹ èso rẹ̀.

Ṣẹ́gun_Agége · Èkó

Ẹ̀yin bàbá àti màmá, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ilé àyágbé ni mo ń gbé, àjà kejì, mi ò ní ẹ̀yìnkùlé. Bálíkónì iwájú yàrá mi gba oòrùn láti aago mẹ́jọ títí dé aago méjì. Ṣé ìgbá lè so nínú ike ọ̀dà?

ÌyáÌbejì_Peckham · London

Ọmọ mi, ó lè so dáadáa. Wákàtí mẹ́fà oòrùn yẹn tó. Ike ọ̀dà tó gba lítà ogún ni kó o wá, igi kan ṣoṣo nínú ọ̀kan. Fọ ọ̀dà inú rẹ̀ kúrò. Lu ihò mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, kó o gbé e lé orí òkúta mẹ́ta kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi má bàa kán sórí aṣọ àwọn tó wà nísàlẹ̀, torí irú ẹ̀ ló ń bí onílé nínú.

Ilẹ̀ dúdú ìgbọ̀nwọ́ méjì, ìgbẹ́ tó ti jẹrà ìgbọ̀nwọ́ kan, yanrìn odò díẹ̀. Má bu ilẹ̀ náà níbi tí ẹnikẹ́ni ti gbin tòmátì tàbí ata. Tí igi bá ga tó bí ẹsẹ̀ kan, já orí rẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka. Fi ọ̀pá tì í kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, torí èso máa ń wọ ẹ̀ka lulẹ̀. Ike a máa gbẹ ju ilẹ̀ lọ, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ o lè bomi rin ín lójoojúmọ́, àmọ́ ti ìka bọlẹ̀ kọ́kọ́.

Alágbà_Oko · Abẹ́òkúta

Ìwọ̀n tí wọ́n sọ dára. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n kọ, abọ́ ni kí o kà á sí: abọ́ méjì sí ọ̀kan.

Ṣẹ́gun, wo abẹ́ ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lórí bálíkónì tí òjò kò kàn, kòkòrò pupa tíńtìntín tó ń ta òwú bí aláǹtakùn máa ń pọ̀ nígbà ọyẹ́. Ewé á máa ní àmì funfun wínníwínní. Fi omi fọ abẹ́ ewé náà láàárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Bí kò bá lọ, gún ewé dóńgóyárò, rẹ ẹ́ mọ́jú, sẹ́ ẹ, kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, fín in nírọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti lọ sùn.

ÌyáÌbejì_Peckham · London

Ẹ ṣeun, Bàbá, abọ́ ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó múnú mi dùn. Hóró ìgbá Nàìjíríà ṣòro fún mi láti rí níbí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Brazil kan, mo rí páálí hóró tí wọ́n kọ jiló sí, àwòrán ara rẹ̀ sì jọ ìgbá aláwọ̀ ewé tí ìyá mi ń gbìn n'Ílá. Mo bi obìnrin tó ń tajà, ó ní kíkorò ni, wọ́n ń dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mo gbìn ín lóṣù kejì lójú fèrèsé tó móoru, mo gbé e bọ́ sí ilé gíláàsì lóṣù karùn-ún, mo já àkọ́kọ́ lóṣù kẹjọ. Mo gé e jẹ. Ìgbá ni! Mo jókòó sórí àga ìdáná, mo sunkún díẹ̀.

Alágbà_Oko · Abẹ́òkúta

Ìgbá náà ni, ọmọ mi. Jiló àti ìgbá Màmá Mọ́kọ́lá, Solanum aethiopicum kan náà ni. Láti ìhà tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti dé Brazil, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ.

Ọmọ_Kétu · Kétu, Benin

Bàbá, mo ka èyí sókè fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n kí ìyá yẹn ní London.

Ìyálọ́gbà_Mọ́kọ́lá · Ìbàdàn · ìdajì oṣù kẹjọ

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní kí n má wá lọ́wọ́ òfìfo.

Mo hú èyí tó ṣàìsàn náà, a sun ún. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ọ̀nà ibi tí omi ń ṣàn sí, òun náà rọ. Mo fi í sínú ife, òwú jáde. A sun òun náà. Mo wá fi ọkọ́ la ojú omi síbòmíràn, mo kó koríko gbígbẹ bo ìdí àwọn tó kù. Mẹ́jọ ló dúró, kò sí èyí tó tún rọ látìgbà náà. Ìdin, mo ti pa mẹ́tàdínlógún. Lójoojúmọ́ ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò, mi ò tẹ̀ lé ọjọ́ kẹta tí Bàbá sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ta òdòdó láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣì ń já. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí ọ̀kan tí òdòdó rẹ̀ gbẹ, àmọ́ tí ìdí rẹ̀ di mọ́ ẹ̀ka. Mo tẹ̀ ẹ́, ó le. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí funfun kékeré kan ti yọ láàárín ewé ìdí rẹ̀, bí eyín ọmọ ọwọ́. Mo pe gbogbo ilé síta. Mo ka mọ́kànlélógójì ní àná lórí igi mẹ́jọ.

Bàbá, ìgbà wo ni kí n já a?

Alágbà_Oko · Abẹ́òkúta

Inú mi dùn gan-an, Màmá. Ẹ já a nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń dán, tó bá ti lé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí òdòdó gbẹ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó padà díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ṣú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí yẹ́lò, hóró inú rẹ̀ ti le, á korò. Ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gé e, ẹ má fà á, ẹ̀ka rẹ̀ máa ń ya. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń já a lóòrèkóòrè ló ṣe máa ń so sí i.

Kìkì èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú hóró rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Lára igi tó lera jù ni kẹ́ ẹ ti mú un, kì í ṣe lára èyí tó sún mọ́ ibi tí àrùn wà.

Ṣẹ́gun_Agége · Èkó · oṣù kọkànlá

Ike mẹ́ta ni mo gbìn. Ọ̀kan kú ní kékeré, mo rò pé omi ni mo fi pa á. Méjì ti so, mẹ́sàn-án lápapọ̀. Onílé wá wò ó, ó ní kí n gbin ọ̀kan fún òun náà. Ọjà Agége ni mo ti ra hóró tèmi, èso rẹ̀ jáde ní aláwọ̀ ewé, kì í ṣe funfun. Màmá, ṣé mo lè rí nínú hóró tiyín?

Ìyálọ́gbà_Mọ́kọ́lá · Ìbàdàn

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo so òwú pupa mọ́ ọrùn mẹ́ta lára igi tó wà nítòsí kànga, mo fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi pọ́n. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣọ́ wọn kí àwọn ọmọ má bàa já wọn. Mo ti fọ hóró náà, mo ti sá a, inú ìgò ni ó wà lórí pẹpẹ ìdáná. Àgbàdo ló wà lórí ilẹ̀ tó ṣàìsàn báyìí, ó ti yọ ọmọ. Tó o bá ti ń bọ̀ n'Íbàdàn, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo ti di tìẹ sínú bébà lọ́tọ̀.